Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Gbọ́?

Títí di òní, bí mo bá ń bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ariwo ni mo máa ń pa. Bí ó bá jẹ́ ará Ítálì ni, jẹ́ẹ́jẹ́ ni màá máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé etí àwọn ará ilé wa ló di ni, nítorí pé fóònù Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń dún ketekete báyìí bíi ti ibikíbi. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti mọ́ni lára láti kékeré, kò rọrùn láti bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹ̀wù. Àgbàlá ilé wa ní Gonzagueville, ní Abidjan, ni mo ti kọ́ ariwo yẹn, ní ọdún tí ìyá mi bí àbúrò mi obìnrin, tí ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ gbọ́ àti ta ló gbọ́ gbẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, ẹnu mi kò sì mọ̀ ju ìbéèrè lọ. Sìdíkátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìwádìí ni bàbá mi ń pè mí. Ó ní bí wọ́n bá gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá ni yóò máa jẹ́wọ́ fún mi.

Ìdílé mẹ́rin ló ń gbé àgbàlá náà, ẹnu ọ̀nà gbogbo wa sì kọjú síra. Ilẹ̀ oníyanrìn ni. Òkun kò jìnnà sí wa, ìró rẹ̀ kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru, débi pé ìgbà tí a bá lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi ní àdúgbò Treichville ni mo máa ń ṣàkíyèsí pé ohun kan kò dún mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú máa ń gba orí wa kọjá lọ balẹ̀ sí pápákọ̀ tó wà nítòsí. Bí ó bá ti ń bọ̀, gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dúró, á la ẹnu sílẹ̀, tí ó bá kọjá tán, á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ níbi tó ti já a. Ní òwúrọ̀, ìkòkò Táàtí Akísì ló máa ń kọ́kọ́ hó. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé ni Táàtí, ìyẹn àǹtí ní Faransé, yàrá rẹ̀ ló kángun sí tiwa. Àtíẹ́kẹ́ ló ń ṣe tà, gbágùúdá tí ó ti rin, tí ó ti jẹ́ kó kan, tí ó fún, tí ó wá fi ooru omi sè, òórùn kíkan rẹ̀ a sì gba gbogbo àgbàlá kí oòrùn tó yọ. Iṣẹ́ tèmi ni ilẹ̀ gbígbá àti omi pípọn sínú àgbá. Lẹ́yìn ìyẹn màá lọ ra búrẹ́dì, ìyá mi á po kọfí oní-mílíìkì fún bàbá mi, bàbá mi á fẹ́ ẹ, á mu ún lórí ìdúró, á wọ bàtà ńlá rẹ̀, ó di Vridi, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní iléeṣẹ́ epo.

Fóònù méjì ló wà nílé wa, kékeré ti bàbá mi àti ńlá ti ìyá mi tó ń gbé àwòrán. Iyọ̀ òkun kì í jẹ́ kí irin pẹ́ ní Gonzagueville. Ihò tí fóònù ìyá mi fi ń gba iná ti dípẹtà, àfi kí a fi òkúta kékeré ti wáyà mọ́ ọn kí iná tó wọlé. Gbogbo ará ilé ló sì gbà pé ohùn ìlú kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń gbà wọlé. Bí a bá fẹ́ bá Ítálì sọ̀rọ̀, orí àgbá omi ni a ó gbé fóònù lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí òkun. Bí ó bá jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, níbi tí a ń sá aṣọ sí. Kò sẹ́ni tó fi kọ́ wa. Bàbá mi kàn gba ìpè kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dún dáadáa, ibẹ̀ bá di ojúbọ. Mo sọ fún un pé Ítálì kò sí nínú òkun tiwa yìí, pé àwòrán ayé tó wà ní kíláàsì wa fi hàn pé ẹ̀yìn wa lọ́hùn-ún ló wà. Ó ní, “Ìwádìí, ṣé ohùn ń wọlé àbí kò wọlé?” Mo ní ó ń wọlé. Ó ní, “Ó parí.”

Bọ̀ọ̀dá Wàsíù, àbúrò bàbá mi, ló wà ní Ítálì. Tó bá pè, ojú rẹ̀ á yọ gbàgàdà, a ó rí eyín rẹ̀, a ó rí oúnjẹ inú àwo rẹ̀, a ó tún máa gbọ́ bí ará ilé kejì ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ó ní nínú ilé tí òun ń gbé, ara ògiri ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń jáde bí iná. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ni ẹni Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu lásán la fi ń pè é ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé abà tó ti ń dáko ló ń gbé, ẹ̀yìn ìlú náà lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ibì kan ṣoṣo ni ohùn ti ń wọlé ní gbogbo abà náà, ìyẹn oríta ẹ̀ka igi máńgòrò kan. Níbẹ̀ ni wọ́n fi fóònù Bàbá kọ́ sí, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọ̀rá wé nítorí òjò. Ẹni tó bá gbé e kúrò níbẹ̀, òkúta lásán ló gbé dání. Ìyá Ràfá, ìyàwó àbúrò Bàbá, máa ń jókòó sábẹ́ igi náà bó ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe gàrí, òun ló sì ń dá fóònù lóhùn. Tó bá dún, á na ọwọ́ sókè, á tẹ̀ ẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ síta, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á pe orúkọ ẹni tí a ń wá yí oko po. Ohun tí a bá bá Bàbá sọ, gbogbo abà ló gbọ́ ọ, tó fi mọ́ ẹni tó ń lọ sódò. Nítorí náà, nílé wa, a kì í sọ pé a fẹ́ pe Bàbá Àgbà. Ohun tí a ń sọ ni pé a fẹ́ pe igi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Báwo ni ẹni tó wà lẹ́yìn aṣálẹ̀ àti òkun ṣe lè súnmọ́ mi ju bàbá tó bí bàbá mi lọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ẹni tó bá wọ àgbàlá wa pé lọ́dọ̀ tiyín, báwo ni fóònù ṣe ń ṣe. Awakọ̀ tó máa ń kó ọjà tí ìyá mi ń tà wá láti Kumasi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ghana dára títí tí òun á fi dé ẹnu ibodè. Tí òun bá ti sọdá, ó di kí òun yọ káàdì kan kí òun ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó sì bọ́ fìlà fi hàn mí bí òun ṣe tọ́jú káàdì Ghana, ti Tógò àti ti Nàìjíríà sínú ìṣẹ́po rẹ̀. Táàtí Akísì ní ní abúlé tòun, òpó wà ṣùgbọ́n iná kò sí, pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń kó fóònù gbogbo abúlé lọ gba iná ní ìlú kejì, tí wọ́n á sì kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́ bí adìẹ tó ń bọ̀ wálé. Ará Mali tó ń sun ẹran lẹ́bàá ọ̀nà ní ìyá òun kò mọ̀wé, ohùn lásán ni òun máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ìyá náà á sì máa tún ohùn kan náà gbọ́ títí òmíràn yóò fi dé. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti bàbá mi. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Vridi, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú fóònù wọlé nítorí epo, ẹnu géètì ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a lè wọ ọkọ̀ lọ bá kí ìrẹsì tó jinná, a kò lè rí i bá sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi orílẹ̀-èdè wé orílẹ̀-èdè lórí rédíò, pé ibí yìí ní fóònù tó, pé ibí yẹn kò ní. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé, nínú ilé náà, ọwọ́ ta ni fóònù ọ̀hún wà, ta ló sì ń jókòó dè é lábẹ́ igi?

Treichville ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá tó bí i, ṣùgbọ́n òun kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Bí ó bá ń kàwó, Faransé ni. Bí ó bá ń bínú, Faransé ni. Ìgbà tó bá ń ṣàdúrà nìkan ni Yorùbá rẹ̀ máa ń mọ́ gaara. Ìyàwó Faransé ni àwọn ẹbí bàbá mi ń pè é, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, òun náà á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín ìyá mi, ìyẹn kì í dé ojú rẹ̀. Nígbà tó bí mi, kò tíì sí fóònù kankan lórí igi. Ìròyìn ìbí mi pẹ́ kó tó dé abà, àlùfáà nìkan ló sọ mí lórúkọ, Bàbá Àgbà kò sì fún mi lóríkì. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣòwò ní àdúgbò Adjamé bá wá kí wa, wọ́n á ní kí n wá kúnlẹ̀ kí àwọn kì mí, wọ́n á wá dákẹ́, wọ́n á ní, “Háà, a gbàgbé, ọmọ Faransé kò ní oríkì.” Àwàdà ni. Ó ń dun ìyá mi wọra. Lẹ́yìn mi ó pẹ́ gan-an kí ó tó tún lóyún, tó fi jẹ́ pé nígbà tí oyún náà dúró, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ bàbá mi. Mo wà níbẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, “Bàbá Sìdí, ti eléyìí, Bàbá fúnra wọn ló máa fún un lóríkì, de leur propre bouche, láti ẹnu ara wọn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé ọmọ mi ò nílé.” Bàbá mi dáhùn pé ìyẹn kò le, pé tí ọmọ bá ti délẹ̀, kí àgbà ilé ṣáà ti kọ́kọ́ gbọ́, nítorí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ọjọ́ tí ọmọ náà fẹ́ dé, òjò ń rọ̀, bàbá mi ti wọ inú géètì Vridi lọ. Táàtí Akísì ló mú ìyá mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà létí ọ̀nà, èmi ni mo gbé fíláàsì omi gbígbóná tẹ̀ lé wọn. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, obìnrin, irun rẹ̀ kún dé iwájú orí. Ìyá mi kò tíì gba omi mu tó fi ní, “Sìdí, yára, pe igi.” Mo pè é. Igi kò dáhùn. Mo jáde sábẹ́ òrùlé, mo tún un pè, obìnrin inú fóònù ní kí n gbìyànjú nígbà mìíràn. Bí mo ṣe gbé fóònù padà wọlé báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ni, ó kàn ń pè láti kí wa bó ti máa ń ṣe. Táàtí kò mọ òfin ilé wa. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọmọ, ó kígbe pé, “Regarde! Ta fille est arrivée oh!” pé kó wò ó, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti dé. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù figbe ayọ̀ ta ní Ítálì. Ìyá mi fi aṣọ bojú. Ó wá gba fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, pardon, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ò tíì gbọ́.” Ọkọ rẹ̀ ló ń pè é, nítorí pé wọ́n ti bí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù sínú ilé náà kí òun tó wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Bọ̀ọ̀dá ní, “Ìyàwó wa, ẹnu mi ti dì.”

Ẹnu rẹ̀ dì lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kò dì. Ó mú àwòrán ọmọ tó yà sílẹ̀ lójú fóònù, ó gbé e síta fún gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Juliana wa ti dé.” Juliana ni orúkọ ìyá onílé rẹ̀ ní Ítálì, ó ní kí àwọn fi ṣàwàdà ni. Nígbà tí bàbá mi jáde ní géètì nírọ̀lẹ́ tó gba fóònù rẹ̀, fóònù náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n ń kí i kú ewu ọmọ láti Kánò, wọ́n ń kí i láti Kumasi, òun gan-an kò sì tíì mọ̀ pé òun ti bímọ. Ní abà, òjò kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà tó ń wá kó gàrí, tó ti rí àwòrán náà ní ìlú, dúró lábẹ́ igi, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àgbà, ó ní, “Bàbá, ẹ kú oríire Juliana.”

Bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ṣáájú àgbà ilé nìyẹn o. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, mo máa ń rò ó pé abà ni ilẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ mọ́ ju ọ̀dọ̀ tiwa ní Abidjan lọ. Bàbá Àgbà á ti kírun tán kí àwa tó jí. Síbẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì náà, bàbá mi dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, láàárín àwọn aṣọ tútù, ó pariwo lọ títí Ìyá Ràfá fi dáhùn.

“Ìyá Ràfá, ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ bá mi pe Bàbá!”

“Bàbá ní àwọn kò sí nílé.”

“Ṣé wọ́n lọ sí ìlú ni?”

“Rárá o, wọ́n jókòó síbí. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò sí nílé.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn ẹ̀yìn ilé ìdáná, bí ẹni pé igi ń wò ó. Ó ṣàlàyé, ó ní Wàsíù ni, kì í ṣe ìyàwó òun. Ìyá Ràfá tún gba iṣẹ́ wá, ó ní Bàbá ní ta ni kì í gbèjà ìyàwó rẹ̀. Bàbá ní ẹni tó ti sọ ọmọ ní Juliana kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, pé àwọn kò ní oríkì kankan tó bá Juliana mu. Fóònù já. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù yọ àwòrán náà kúrò lọ́jọ́ náà, ó ní òun máa bá Bàbá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, kò pe igi. Òun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń jáde lára ògiri fún!

Ìyá mi kò pariwo. Ó ń wẹ ọmọ, ó ń fún un lọ́mú, omi sì ń jáde lójú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Táàtí Akísì ní kí ó pe bàbá ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sọ fún un pé òun kọ́, àbúrò ọkọ òun ni. Ìyá mi ní òun kò lè ṣe é. Ó ní ìyàwó kì í gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá ọkọ. Táàtí na ìka ọwọ́ rẹ̀, ó bi í ní Faransé pé ọkọ mélòó gan-an ló ní. Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó ní wọ́n pọ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Yorùbá, gbogbo ilé ló fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ń wo ìyá mi tí wọ́n ń pè ní Faransé, tó ń pa àṣà ilé mọ́ ju àwọn onílé lọ, mo sì ń bínú sí gbogbo wọn, títí kan igi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti iléèwé dé, mo gbé fóònù bàbá mi tó gbàgbé sílé, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló kún inú mi. Ìyá Ràfá dáhùn, ẹ̀gẹ́ ń já sínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jọ pé inú rẹ̀ dùn láti rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ. Mo bi í bí fóònù wọn ṣe ń rí iná. Ó ní ọlọ́kadà ló máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fún fóònù níná ní ìlú, tó sì máa ń gbé e bọ̀.

“Ṣé ó wà ní ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi ni? Mo pe igi, mo tún un pè, kò dáhùn.”

“O pè wá lọ́jọ́ náà?”

“Ìyá mi ló ní kí n pè. Wọn ò tíì mu omi tí wọ́n fi ní kí n pe igi. Ìgbà tí kò wọlé ni Bọ̀ọ̀dá Wàsíù pè wá, Táàtí Akísì bá fi ọmọ hàn wọ́n. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí Bàbá tó gbọ́. Bọ̀ọ̀dá ló kọ Juliana. Orúkọ ìyá onílé wọn ni.”

Ìró ẹ̀gẹ́ dúró. Ohùn ọkùnrin kan dún láti ẹ̀yìn, ó jìn, ó sì le.

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?”

Àṣé Bàbá Àgbà ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn. Mo ní èmi Sìdíkátù ti Abidjan ni.

“Ìyá rẹ ní kí o pè mí ṣáájú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ò gbé e.”

“Fóònù kú lọ́jọ́ náà.”

“Kí ló pa á?”

Ìyá Ràfá bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún Bàbá Àgbà pé, “Ẹ gbọ́, Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Owó orí fóònù tán sí mi lọ́wọ́ níbẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi í pamọ́, kò kàn sẹ́ni tó bi mí ni.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àgbàlá kún. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Adjamé dé, Táàtí Akísì gbé àtíẹ́kẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, ó ń bá wa fọ ìrẹsì. Àlùfáà ti jókòó, ó ti ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu, Àìṣátù. Ó bi bàbá mi léèrè orúkọ àti oríkì tó ti ilé wá. Bàbá mi wo ilẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, ojú rẹ̀ wú, mo sì rí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Adjamé tó rọra fi ìgúnpá gún ìkejì. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù wà lójú fóònù ìyá mi lórí àgbá omi, ó ń wò wá láti Ítálì, ó wọ fìlà. Bí bàbá mi ṣe la ẹnu láti sọ pé kò sí oríkì kankan, ìpè mìíràn já wọlé láti Nàìjíríà. Nọ́ńbà tí a kò mọ̀ ni. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ti Wàsíù, ojú fóònù pín sí méjì, Bàbá Àgbà sì yọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fún fóònù níná ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló jókòó sí. Fóònù àwọn ẹlòmíràn kún ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rọ̀ mọ́ wáyà bí ọmọ tó ń mu ọmú. Eruku ọ̀nà bo fìlà rẹ̀, orí ọ̀kadà ló ti wà láti ìdájí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù bẹ́ẹ̀ rí, ó fi ojú sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ nìkan la kọ́kọ́ rí. Gbogbo wa lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá mi dọ̀bálẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, ìyá mi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní.

Bàbá Àgbà ní, “Ìyàwó mi dà? Ògiri ni mò ń wò.”

Bọ̀ọ̀dá Wàsíù sáré dáhùn láti Ítálì pé, “Ìyàwó wa, ẹ dìde kí Bàbá lè rí yín. Kámẹ́rà ò rí ìsàlẹ̀.” Ìyá mi kò dìde. Ó ní, “Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ sà. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè dúró lórí ìdúró níwájú yín.”

“Ta ló ní kó dìde?” Ohùn Bàbá le. “Wàsíù, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ọkọ ní Ítálì nìyẹn? Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún un. Ẹ gbé e síbi tó wà.”

Bàbá mi gbé fóònù kúrò lórí àgbá, ó fi í ti agolo mílíìkì kan lórí ẹní. Ìyá mi gbé ojú sókè díẹ̀, òun àti Bàbá Àgbà sì rí ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá wò ó títí. Àwòrán ń dúró, ó ń lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò. Ó ní òun ti gbọ́ ẹni tó pe igi ṣáájú. Ó ní òun ti gbọ́ ẹni tó pa ẹnu mọ́ nítorí ọkọ rẹ̀. Ó wá ní, “Wàsíù, ìwọ kúrò lórí fóònù.”

“Bàbá?”

“Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ti òní, ìwọ lo máa gbọ́ gbẹ̀yìn. Kúrò níbẹ̀.”

Ojú Bọ̀ọ̀dá Wàsíù pòórá. Bàbá ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn, kí ìyá mi nìkan fi etí sílẹ̀. A sún sẹ́yìn. Ìyá mi gbé etí lé fóònù lórí ẹní, a rí ètè Bàbá tó ń mì, a kò gbọ́ nǹkan kan, ọkọ̀ òfuurufú kan sì tún ń kọjá lórí wa. Ìgbà tó dìde jókòó, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dé ojú rẹ̀. Àlùfáà bi í. Gbogbo àwọn onílé, àwọn ẹ̀gbọ́n Adjamé, bàbá mi pàápàá, ẹnu Ìyàwó Faransé ni wọ́n ń wò. Ó ní ní Yorùbá tó mọ́ gaara pé, “Àbẹ̀ní. Bàbá ní oríkì ìyá tó bí àwọn ni. Wọ́n ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni rí.” Àwọn ẹ̀gbọ́n Adjamé kígbe. Ọ̀kan nínú wọn wá síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi, nítorí pé ìyá bàbá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn.

Láti ìgbà tí Bàbá ti lé e ni Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ti ń pè. Fóònù ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àlùfáà ṣàdúrà tán, a jẹ ìrẹsì, a bu ẹran, a pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí gbogbo àgbàlá ti pe Àbẹ̀ní tó, tí Táàtí Akísì náà ti ń pè é, ìyá mi nu ọwọ́, ó gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ní, “Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá sọ?” Ìyá mi kọ ojú fóònù sí ọmọ, ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ bí ìyàwó ilé gidi. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ kí Àbẹ̀ní. Ìyá Bàbá ni.”

A rí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù tó ṣí fìlà, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́. Ó ti dọ̀bálẹ̀ ní Ítálì, àjà ilé rẹ̀ nìkan ló kù lójú fóònù. Ìyá mi wò ó títí, kò sì tètè sọ fún un pé kí ó dìde.